Mọ́tò Àwọn Àgbà Kò Ṣeé Tà

Glei, ọjọ́ kejì ọjà

Armel ọmọ mi,

Ilẹ̀ ti mọ́ bá wa ní Glei, ó sì dá mi lójú pé ó mọ́ bá ọ ní Lomé náà, nítorí èmi ìyá rẹ kì í jí kí n má dárúkọ rẹ kí n tó fọ ẹnu. Iṣẹ́ ńkọ́? Ooru ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun, àbí búrẹ́dì ni ṣáá? Ọlọ́run tó mú ọ la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá yóò mú ọ la òjò náà kọjá, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ kó fajú ro. Àmín. Bí o bá béèrè wa, a wà. Iṣu ti ń ta, ewúrẹ́ pupa bí ìbejì, ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, o pe Laurent, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wà á, o ní kó sọ fún mi pé bí owó tó ń wọlé lórí mọ́tò tí a fi ń gbé àwọn arúgbó àti aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Atakpamé kò bá pọ̀ sí i kí oṣù tó parí, o máa tà á, pé o tilẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ rà á ní Lomé. Armel, mo gbọ́. N kò bínú. Mo jókòó, mo mu omi, mo dìde, mo wá bínú. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé mọ́tò yẹn kò ní kúrò lọ́wọ́ wa. Lẹ́tà ni mo fi ń ṣàlàyé bí mo ti ṣe é, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń ní o wà ní ìpàdé.

O ní àwọn èèyàn ń ráhùn pé àwọn ń pe nọ́ńbà tó wà lára mọ́tò, ẹnì kankan kì í gbé e. Báwo ni wọn yóò ṣe gbé e? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé inú fóònù tí o rà fún iṣẹ́ ni owó àwọn oníbàárà ń wọ̀. Ta ló ń fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì? Mo wé e sínú aṣọ tí mo fi relé ọkọ, mo tì í mọ́ inú àpótí, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Mo ń gbọ́ ọ tó ń ké níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, inú mi sì ń dùn pé owó ń wọlé. Laurent ní owó kì í ké. Mo ti yọ ọ́ fún un báyìí, ṣùgbọ́n bí olè bá gbé e, mo ti sọ tèmi.

Obìnrin tó wà nínú fóònù Laurent, tó ń júwe ọ̀nà, òun ni mo fẹ́ kí o lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò mọ èèyàn kí. Màmá Olga, ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ mọ́tò, ó kí i kú àárọ̀, ó tún un kí, kò dáhùn, àfi kó máa pàṣẹ pé ká yà sọ́tùn-ún, ká yà sósì, bí ìyálé. Lọ́jọ́ tí a ń lọ gbé aláìsàn kan ní abúlé kan lápá Datcha, ó mú wa wọ àárín oko iṣu olóko, ó wá ní a ti dé. N kò mọ iye tí ò ń san fún un lóṣù, ṣùgbọ́n bí o bá dá a dúró, ìyẹn nìkan, owó ti wọlé. Laurent mọ ọ̀nà. Àwọn arúgbó pàápàá mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ẹni tó gé igi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti ìràwọ̀ náà, o ní kí ẹni tó bá gbádùn ìrìn àjò fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo sọ fún Màmá Olga. Ó ní ìràwọ̀ kò sí níkàáwọ́ òun, ẹyin márùn-ún ló kó fún wa. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá yóò kó wọn fún ọ, inú eérú ni mo tò wọ́n sí kí wọ́n má baà fọ́. Bá wa gbé wọn sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé rí i.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú gan-an ni ohun tí o ní ká kọ sẹ́yìn mọ́tò: Ẹ ṣé, ẹ tún padà wá. Èmi náà kò rò ó, mo ní ọmọ mi kàwé. Armel, ta ló ń sọ fún ẹni tó ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ pé kó tún padà wá? Ṣebí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ là ń wí. Àwọn èèyàn á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á rí i, wọ́n á mirí. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, o tún fi káàdì ránṣẹ́, pé ẹni tó bá wọ mọ́tò, ká lu ihò kan sí tirẹ̀, bí ihò bá pé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kọkànlá di ọ̀fẹ́. Tayọ̀tayọ̀ ni mo pín in lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú.

Bàbá Kòkúmọ́, tó dàgbà ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ìjọ, gba tirẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo ṣàlàyé. Ó fi ọ̀pá dìde. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti sọ òun ní Kòkúmọ́ ni gbogbo ilé òun ti ń bẹ Ọlọ́run kí òun má lọ, èmi Julienne wá fún òun ní ìwé pé kí òun ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó tún ní kí n sọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé òun lọ lẹ́ẹ̀kọkànlá tí wọn kò fi ní gbowó. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ibà ń gbọ̀n á gun ẹ̀yìn alùpùpù lọ sí Atakpamé kàkà kó wọ mọ́tò wa.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn nígbà tí o ní o fẹ́ tà á. Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n o mọ ìyá rẹ, ìtìjú kì í lé mi wọ yàrá. Mo ra ọ̀dà, mo fọwọ́ ara mi kun ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́tò pa. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sá fún un mọ́. Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń gba káàdì padà, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ilé Màmá Olga ni mo ti rí ọ̀nà. Ó ní ara òun le, òun kò ní nǹkan ṣe nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n òun ní àbúrò kan ní Elavagnon, láti ìgbà tí orúnkún òun ti kọ alùpùpù ni òun kò ti fojú kàn án, àwọn kàn ń fi ẹnu ẹlẹ́nu kí ara àwọn. Ó béèrè bóyá mọ́tò aláìsàn lè gbé ẹni tí kò ṣàìsàn.

Mo ní kó wọlé. Ó san owó rẹ̀, kò ná an. Nígbà tí a dé Elavagnon, àbúrò rẹ̀ jáde. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n kàn ń wo ara wọn. Mo sunkún. Laurent náà sunkún, ó ní eruku ni. Bí a ti ń dé Glei padà, Màmá Olga na káàdì rẹ̀ sí mi, ó ní kí n lu ihò sí i, pé irú ihò báyìí, bó jẹ́ ogún, òun ń fẹ́.

Ojú mi là. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo tún dúró lẹ́yìn Máàsì, mo ní ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn, a ò ní lu ihò kankan fún un, àdúrà la ó fi sìn ín. Ihò wà fún ẹni tó ń lọ kí èèyàn rẹ̀ nìkan. Ta ló kọ́kọ́ wá? Bàbá Kòkúmọ́. Ó ní òun kò tí ì dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun ní ọ̀rẹ́ kan ní Datcha tí àwọn jọ gbin òwú nígbà èwe, òun fẹ́ lọ wò ó bóyá ó ṣì ń parọ́. Ó ṣì ń parọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí oòrùn fi wọ̀.

Báyìí, mọ́tò ń kún, Laurent kì í ríbi jókòó. Ohun tí n kò sì rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn gan-an ti pọ̀ sí i. Àgbà á lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, á bá a nínú àìsàn tó ń fi pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, á ní òun kò gbà, á mú un wọ mọ́tò, ó di Atakpamé. Àwọn ọmọ tó wà ní Lomé bíi tìrẹ ló ń fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Fi owó ránṣẹ́ kí káfíńtà kan àpótí tí àwọn àgbà yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ mọ́tò, nítorí Laurent ń gbé wọn bí ìkókó, Bàbá Kòkúmọ́ kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Fi owó ọ̀dà kún un. Lẹ́yìn náà, owó epo, ibí yìí ni kí o fetí sí.

Èmi náà ní káàdì. Nígbàkígbà tí mo bá wọ mọ́tò, mo ń san owó mi, n kò jẹ́ kí Laurent yọ mí sílẹ̀. Mo ti lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti lọ kí ìyá tó gbẹ̀bí rẹ. Mo lọ sí ibojì bàbá rẹ, Laurent ní ṣé ìyẹn náà jẹ́ ìkíni, mo ní kó lù ú. Ihò mi ti pé mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀kọkànlá, ọ̀fẹ́ ni, ìwọ lo ṣe òfin náà. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí o ti wálé, n kò bá ọ jà, mo mọ̀ pé ìpàdé pọ̀, ṣùgbọ́n àárò rẹ ń sọ mí.

Sátidé tó ń bọ̀ ni. Màmá Olga ń bọ̀, ó ní ọmọ-ọmọ níbẹ̀. Bàbá Kòkúmọ́ ń bọ̀, kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀, òkun ló fẹ́ rí. Ní kí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò wá dúró dè wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Bó bá lè sọ ọ́, kó máa gbé e lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ìrìn àjò tèmi sì ti jẹ́ ọ̀fẹ́, olówó mọ́tò ló ń ra epo, nítorí náà fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Laurent ní owó kì í ké bó bá ń wọlé, ṣùgbọ́n èmi yóò ṣì máa tẹ́tí.

Dáná dè wá, Bàbá Kòkúmọ́ kì í jẹ búrẹ́dì. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ilé ìwòsàn mọ orúkọ rẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ má gbàgbé ọ̀nà ilé, kí ìwọ náà dàgbà, kí o rí ẹni tí yóò gbé ọ lọ kí àwọn èèyàn rẹ. Nígbà tí a bá sì ń padà lọ, jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, kí o sọ ọ̀rọ̀ tí o ní ká kọ sẹ́yìn mọ́tò yẹn fún mi. Ẹnu ọ̀nà ọmọ ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Julienne