Táyà Tó Gbé Ọkọ̀ Wa Dé Etí Odò

Àtìní, 5 Épírìlì 1954
Táyà ọ̀tún Atẹ̀lé bẹ́ lónìí, kò tíì pẹ́ tí a kúrò l'Ágbára. Atẹ̀lé — orúkọ tí mo sọ tírélà tó ń gbé ọkọ̀ ojú omi díspẹ́ńsárì wa, nítorí ibi tí mo bá wa jíìpù gbà ló ń tẹ̀ lé mi gbà. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Igi ò dá, ẹ́ńjìnì ò fọ́. Nọ́ọ̀sì Morónfólú sọ̀ kalẹ̀. "Múdàṣírù, ṣé o ò fara pa?" Ìyẹn ló kọ́kọ́ bi mí, kó tó wo ọkọ̀ rárá. Màmá Wẹ́rẹ́ ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò sí aboyún tó dé ọwọ́ rẹ̀ tí kì í ṣàdúrà fún pé wẹ́rẹ́ ni yóò bí.
Mo dúpẹ́. Ká ní orí afárá la wà ńkọ́?

Àtàláátà, 6 Épírìlì
Mo tú táyà méjèèjì wò. Ojú wọn ṣì nípọn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ló sán wẹẹrẹwẹ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìrìn kọ́ ló pa wọ́n — ìdúró ni. Oòrùn, omi oníyọ̀, ojú kan náà lójoojúmọ́. Àṣé táyà tí kò rìn náà ń gbó.
Tí Atẹ̀lé ò bá ní táyà, ọkọ̀ ò lè dé odò. Tí ọkọ̀ ò bá dé odò, àwọn abúlé òdì kejì ò ní nọ́ọ̀sì. Àpọ́nlé, aboyún kan tí à ń tọ́jú, wà lọ́hùn-ún. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù bíbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú nígbà tí a rí i kẹ́yìn.

Àlàrùbá, 7 Épírìlì
Sángo, ọ̀dọ̀ Àmọ̀dá fọkanáísà. Ó gbé táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan jáde — ó ń dán, ó wù mí. Ó ní kí n fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rọ̀. Ó ní èèyàn ni ìyẹn ń gbé, pé ọkọ̀ wa pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, epo àti àpótí oògùn yóò tẹ̀ ẹ́ pa. Ti lọ́rì sì ga jù, kò ní wọ abẹ́ tírélà. Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ líle la nílò, kí méjèèjì sì jẹ́ irú kan náà. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní irú ẹ̀. A wá gbogbo Ọ̀tà, kò sí.
Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ló rántí Olóògbé Kàsúmù, oníṣòwò pákó. Ó ra táyà méjì sílẹ̀ fún tírélà kan, ọlọ́jọ́ dé kó tó ra tírélà ọ̀hún. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé. Màmá Mùíbátù — ìyá Àpọ́nlé gan-an.

Jímọ̀, 9 Épírìlì
Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo lọ síbẹ̀. Màmá mú mi wọ yàrá inú, ó ṣókùnkùn, ó tutù. Táyà méjì lórí pákó, wọn ò kan ilẹ̀, aṣọ bò wọ́n. Mo fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ wọn yí ká. Kò sán níbì kankan. Mo ní kí Màmá dárúkọ iye tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n ní kí n má sọ ìyẹn mọ́.
"Bàbá Àpọ́nlé ní oòrùn ò gbọdọ̀ rí wọn. Mi ò jẹ́ kó rí wọn láti ìgbà tó ti lọ. Gbé wọn, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́."
Màmá wá kọjú sí ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀.

Àbámẹ́ta, 10 Épírìlì
Àmọ̀dá ti bá mi fi wọ́n sẹ́sẹ̀ Atẹ̀lé. Afẹ́fẹ́ dọ́gba, gírísì tuntun, nọ́ọ̀tì le dáadáa. Ó kọ̀, kò gba nǹkan kan. Ọlọ́hun á san án fún un.

Àtìní, 12 Épírìlì
Òjò. Òjò. Òjò.

Àlàmísì, 15 Épírìlì
Láàárọ̀, Jìbírílù, ọkọ Àpọ́nlé, gun kẹ̀kẹ́ wọlé, ẹrẹ̀ bò ó. Ó ní orí ń fọ́ ìyàwó òun, ojú sì ń ṣú u. Màmá Wẹ́rẹ́ ti gbé àpótí kó tó sọ ọ́ tán. Ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, jíìpù ń yọ̀, Atẹ̀lé ò yọ̀. Mo máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tírélà tutù kí n tó tì í sómi, kí omi má baà wọnú gírísì rẹ̀. Lónìí mi ò dúró.
A gbé Àpọ́nlé sọdá. Màmá Wẹ́rẹ́ fún un lábẹ́rẹ́, ó ní ọsibítù l'Ékòó ni, kíá. Tí mo bá fa tírélà, a ò ní tètè dé. Mo tú u. Mo fi Atẹ̀lé, ọkọ̀, ẹ́ńjìnì, gbogbo rẹ̀ sétí odò láìní olùṣọ́. Orí Àpọ́nlé wà lórí itan Màmá Wẹ́rẹ́. Ó ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá: "Àpọ́nlé, dá mi lóhùn. Àpọ́nlé." Àwọn dókítà gbà á wọlé. Mo jókòó síta. "Yá Ọlọ́hun" nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi.

Jímọ̀, 16 Épírìlì
Ọmọbìnrin. Ìyá yè, ọmọ yè. Alihamudu lilahi. Màmá Wẹ́rẹ́ sunkún — mi ò rí i kó sunkún rí.

Àbámẹ́ta, 17 Épírìlì
Mo padà lọ wo Atẹ̀lé. Nǹkan kan ò sọ nù. Wọ́n ti fi omi kànga fọ iyọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi igi gbé e kúrò nílẹ̀, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo táyà nítorí oòrùn. Mi ò bẹ ẹnì kankan. Bàbá Fàlílù tó ń pẹja níbẹ̀ ní, "A rí i pé ọmọ wa lẹ gbé sáré. Ṣé ká wá jẹ́ kí ohun èlò yín bàjẹ́ ni?"
Mo jókòó tì wọ́n, mo jẹ ẹja.

Àlàmísì, 29 Épírìlì
A mú Àpọ́nlé lọ sílé. Àdìzát lorúkọ ọmọ. Màmá Mùíbátù ló gbé e láti Ọ̀tà, níbi tí ìyá àti ọmọ ti sinmi lẹ́yìn ọsibítù. Inú jíìpù ni wọ́n ti sọ fún mi pé látìgbà tí Àpọ́nlé ti lọ́kọ, àwọn ò dé ilé rẹ̀ rí. Omi ń ba àwọn lẹ́rù. Wọ́n á gbé ọmọ fún un létí odò, wọ́n á wá ẹni tí wọ́n á bá padà.
Àpọ́nlé jókòó sínú ọkọ̀, ó na ọwọ́ síta láti gba ọmọ. Màmá ò gbé e fún un. Wọ́n wo omi, ó pẹ́.
"Múdàṣírù, di apá mi mú."
Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀, wọ́n gbé èkejì. Jìbírílù sún, ó fún wọn láyè. Mo rọra fa okùn ẹ́ńjìnì, a sì kúrò ní etí odò. Títí a fi gúnlẹ̀, ojú wọn ò kúrò lára ọmọ.