Ìkẹ́dùn Lórí Ìyá Kòkòrò, Ẹni Tí Kọ̀ǹpútà Kà sí Ènìyàn Méjì

Sí ọkọ olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, àti ìyá tó bí i,

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́, àti ojú tí ìtìjú kò jẹ́ ká lè gbé sókè, ni àwa òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìwádìí Kòkòrò Àrùn fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ẹni yín, tí àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú lọ lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

Ọdún méjìlélógún ló fi bá wa ṣiṣẹ́. Àwa la sọ ọ́ ní Ìyá Kòkòrò, nítorí kò sí fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọdé ṣánlẹ̀ tí kò mọ ìwà rẹ̀ bí ẹni mọ ìwà ọmọ tó bí. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń pa àwọn ọmọ ọwọ́, tí ilé ìwòsàn ń dúró fún ọjọ́ méjì kí èsì àyẹ̀wò tó jáde, òun ló jókòó ti tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé títí tó fi rí ọ̀nà tí èsì fi ń jáde láàárín wákàtí mẹ́rin. Wọ́n ń lo ọ̀nà náà títí dòní ní ibi tí ẹsẹ̀ àwa fúnra wa kò dé rí.

Àpilẹ̀kọ ìwádìí mẹ́tàlélógójì ló kọ. Mọ́kàndínlógún jáde lórúkọ bàbá rẹ̀ kó tó relé ọkọ. Mẹ́rìnlélógún jáde lórúkọ ọkọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àkójọ orí kọ̀ǹpútà, tó ń ka iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí iṣẹ́ ẹni, pín in sí ènìyàn méjì. Àyẹ̀wò wákàtí mẹ́rin, tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, bọ́ sọ́dọ̀ ọmọge àtijọ́ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá. Ìyàwó ilé tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan ni ìgbìmọ̀ ìgbéga ń kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà pé ìtọ́ka rẹ̀ kò tó ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gba oyè náà lójú rẹ̀, ó sì bá a yọ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ rí àṣìṣe náà, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi pé ìyàwó méjì ló fẹ́, kò sì mọ̀." Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lẹ́tà mọ́kànlá ló kọ sí àwọn tó ni àkójọ náà, èsì kan náà ló sì ń gbà: "A ti gba ẹ̀sùn yín, ẹ máa retí wa." Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi ìwé ojú kan péré jẹ́rìí pé ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn lẹ́nu wa, àmọ́ ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Oṣù méje ni ìwé náà fi wà lórí tábìlì èmi olórí ẹ̀ka. Kì í ṣe ìkà. Ọ̀la, ọ̀la ni mo ń wí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá bá mi. Nígbà kẹrin, kò jókòó. "Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ."

Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àtúnṣe dé. Ìtọ́ka rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ní ìdajì rẹ̀ nínú wa. Ìgbìmọ̀ ní òfin kò gbà kí òkú joyè, àmọ́ àwọn yóò gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn ikú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè! Inú ń bí wa sí wọn, ó sì ń bí wa sí ara wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọkọ rẹ̀, nígbà tí ẹ wá kó ẹrù rẹ̀, ẹ bi wá pé, "Kí ló kù tí kò ṣe?" Èsì wa rèé: kò sí. Àwa ni kò ṣe tiwa.

Àpilẹ̀kọ tó kù díẹ̀ kó parí, a óò parí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣíwájú. A ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n máa ka iṣẹ́ ènìyàn kí wọ́n tó ka nọ́ńbà. Bí wọ́n bá kọ̀, a óò tún kọ òmíràn. Ọmọbìnrin yín tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kan náà, ilẹ̀kùn wa kò ní tì mọ́ ọn.

A kò ní máa bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì lọ́jọ́ ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tí ẹ óò ṣe é, bí ẹ bá máa ṣe é. Kí Olúwa di ìyá àgbà mú, nítorí ọmọ ló yẹ kó sin ìyá. Kí oorun tún kun bàbá àwọn ọmọ lójú. Kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ìkorò tí àwa fi ọwọ́ ara wa pò di ohun tí àwọn ọmọ yóò máa mu. Àmín.

Olórí Ẹ̀ka, lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́