Ọjọ́ Ìbí Àbẹ̀kẹ́ Di Méjì

Kétu, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún

Àbẹ̀kẹ́ wá láti Odomẹ́ta, ó béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. Táblò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí sọ pé ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ni. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n yàn fún táblò náà tẹ́lẹ̀, níbi tí oṣù ti ń ṣáájú ọjọ́. Bóyá 4/8 ni mo tẹ̀ fún ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ kí n tó yí i sí Bẹ̀nẹ̀. N kò rántí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bí mi ni?”

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Ìyá agbẹ̀bí tó sọ ọjọ́ náà fún mi náà ti kú. Nígbà tó ń sọ ọ́, ó ní kí n kọ orúkọ ọjà tí wọ́n ná lọ́jọ́ ìbí náà sí i, ká lè fi yẹ ọjọ́ náà wò. Mo ní déètì ti tó.

Àbẹ̀kẹ́ ní kí n ṣáà yan ọ̀kan fún òun. N kò lè yàn.