Àdúgbò Wa Nínú Tẹlifíṣàn

Uncle olóòtú, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìkòsí ni mò ń gbé. Wọ́n mú olè méjì ní àdúgbò wa, tẹlifíṣàn sì ń fi hàn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ni ìyá àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin mi bá ní, "Ọmọ mi ò ní fẹ́yàwó láàárín àwọn adigunjalè!" Ọmọbìnrin mi sunkún títí. Mo lọ bẹ ìyá náà ní Ogudu pé kí wọ́n kàn wá wò wá. Wọ́n wá lọ́jọ́ Sunday, wọ́n di báàgì wọn mú pinpin. Àwọn aládùúgbò gbé àga fún wọn, a jọ tàkúrọ̀sọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá náà ní, "Ṣé ibi tí mo rí nínú tẹlifíṣàn nìyí?" Wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n pe àwọn tẹlifíṣàn kí wọ́n wá fi ìyẹn náà hàn?