Wọ́n Béèrè Orúkọ Mi ní Géètì Ilé-Ìwé Àìṣá

Ìyá mi ọ̀wọ́n, Ìyá Lásísì,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ooru Ìsọlọ̀, ẹ sì kú ìfaradà ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará òkè yín ní Jákàǹdè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ má wo ojú Sùlè o. Mo mọ̀ pé òun ló ń ka lẹ́tà yìí fún yín, yóò sì ní ta ló rí mi níbi tí mo ti dọ̀bálẹ̀. Sùlè, àbúrò mi, mo kí ọ. Má fo ibì kankan. Mo mọ bí o ṣe ń kàwé: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, o ó wúkọ́, o ó sì bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Mo kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ọmọ ilé. Ẹbí wa pọ̀, oníkálukú ló sì ń fẹ́ gbọ́ tẹnu mi, ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò gbọ́.

Ìyá mi, ẹ bá mi yọ̀. Ọmọ yín ti di akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òyìnbó. Ní Glasgow tí mo wà yìí, èmi ni òpó tó gbé kíláàsì wa dúró. Bí n kò bá tíì dé, tíṣà kì í bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sì ti wọlé, ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn ló ń dìde fún mi.

Ó dáa. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe yunifásítì. Yàrá kan ni, lẹ́yìn láíbìrì àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa arúgbó tó ti òkèèrè wá ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́. Tíṣà ń dúró dè mí nítorí pé èmi ni mo máa ń pẹ́, ó sì ti sú u láti máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti pé wọ́n ń dìde, àga mi ló wà ní kọ̀rọ̀. Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má dìde kí n tó rí ọ̀nà kọjá.

Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbí. Mo ti tẹ́tí, tẹ́tí, n kò tíì gbọ́ èyí tó jọ tiwa ní Òṣòdì. Òjò wọn pàápàá kò jọ tiwa. Òjò tiwa máa ń bínú, á rọ̀ ọ́ tán, á sì lọ. Ti ibí dà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Aṣọ òtútù tí Sàídá rà fún mi wúwo débi pé bí mo bá wọ̀ ọ́ tán, mo gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀ kí n tó jáde. Àwọn èèyàn ibí kò burú, ṣùgbọ́n wọn kì í kíni. Mo kí ọkùnrin kan nínú bọ́ọ̀sì pé ẹ káàárọ̀, ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ wò bóyá owó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo tí ara ti tù mí ni ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun tí àwọn èèyàn ti lò kù. Ìyá mi, bàtà! Bàtà bọ́síkọ̀rọ̀ bí irú èyí tí mo fi gbogbo ayé mi tà ní Òṣòdì, ibi tó ti ń wá nìyí. Mo gbé ọ̀kan, mo fi ìka kan ìdí rẹ̀, mo tẹ imú rẹ̀ wò, mo sì bú ẹni tó fi iye yẹn lé e. Ọmọbìnrin tó ń tajà rò pé àdúrà ni mò ń ṣe. Ó dákẹ́ dè mí títí mo fi parí.

Ohun tó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Iṣẹ́ òru ni Sàídá ọmọ mi ń ṣe, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Nígbà tí mo dé, ọmọ náà ti rù. Ó ń sùn lórí ìdúró, ó ń fi ṣíbí ro tíì tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wá ní àyè ti ṣí fún un láti máa ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ṣùgbọ́n ilé-ìwé Àìṣá, ọmọ rẹ̀, máa ń parí kí iṣẹ́ náà tó parí. Ẹni tí yóò máa mú Àìṣá wálé kò sí, àfi èmi. Ilé-ìwé kì í sì í fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àfi ẹni tí òbí bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí onítọ̀hún sì lè dúró ní géètì kó sọ ẹni tí òun jẹ́. Sàídá kúnlẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn lọ kọ́ ìwọ̀nba tí ẹ ó fi bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé èmi tí mo ti ta bàtà fún Íbò, fún Haúsá, fún Tógò ni yóò máa kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ? Mo sì lọ.

Tíṣà wa kò ju ọmọ-ọmọ mi àgbà lọ. Kísítì lorúkọ rẹ̀, ó sì ní kí a máa pe òun bẹ́ẹ̀, láìsí àǹtí, láìsí kiní kan. Ìyá arúgbó kan láti Ṣáínà ló ń jókòó tì mí. Mo ti sọ ọ́ di ìyàwó mi, ṣùgbọ́n òun kò tíì mọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, Kísítì ní kí oníkálukú sọ orúkọ rẹ̀. Ó kàn mí, mo ní Bàbá Sàídá. Ó kọ ọ́ sí pátákó, láti ọjọ́ náà sì ni gbogbo wọn ti ń pè mí ní Baba. Ìyàwó mi ará Ṣáínà mọ̀ ọ́n pè ju gbogbo wọn lọ. A kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé èmi ni lágbájá, mo wá mú tàmẹ̀dù. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àní mò ń sọ ọ́ lójú oorun.

Ọjọ́ tí mo máa kọ́kọ́ dá lọ mú Àìṣá pé. Mo dé fìlà mi, mo lọ. Obìnrin tó wà ní géètì rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ta ni mí. Mo fi ohùn àgbà sọ ọ́: Bàbá Sàídá ni mí, mo wá mú Àìṣá. Ó wo ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun kò rí orúkọ yẹn. Mo tún un sọ, mo jẹ́ kó dún dáadáa. Ó ní kò sí. Àìṣá sì dúró nínú lọ́hùn-ún, ó ń juwọ́, ó ń pariwo Bàbá Àgbà. Obìnrin náà tẹ̀ ba, ó bi ọmọ náà pé kí lorúkọ bàbá yìí. Àìṣá ní Bàbá Àgbà. Obìnrin náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́. Àìṣá rò ó, ó tún rò ó, ó ní Bàbá Àgbà ni.

Wọ́n fóònù Sàídá. Ó fi iṣẹ́ ọ̀sán tí wọ́n ní kó fi ọjọ́ náà dán wò sílẹ̀, ó sáré wá nínú òjò, ó dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Kò bá mi wí. Ó ní ọ̀gá òun ti ní kí òun fèsì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gá náà yóò fi iṣẹ́ ọ̀sán náà fún ẹlòmíràn. Nígbà tí a délé, ó ní Bàbá, Lásísì ni orúkọ tí mo fún wọn ní ilé-ìwé. Ẹ kàn pè é jáde, orúkọ lásán ni.

Ìyá mi, ẹ gbọ́ bó ṣe fi ẹnu pè é: orúkọ lásán. N kò mọ ìgbà tí mo pè é jáde gbẹ̀yìn. Ní Àílégún tí ilé mi wà, Bàbá Sàídá ni mí. Ní Òṣòdì, Alájì Bàtà ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú yìí, Ìlọrin ni mo rìn jìnnà dé jù ní ọ̀nà Mẹ́kà. Sùlè ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá, tí kò bá tíì bínú. Gbogbo àdúgbò yín ló ń pe Lásísì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n fi ń pè. Àwọn tó ń fi pe èmi ní Ìsẹ́yìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti kú tán. Ẹ̀yin nìkan ló kù.

Lálẹ́, Sàídá pe Àìṣá, ó ní Lásísì lorúkọ Bàbá Àgbà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Sàídá ní ìyá Bàbá Àgbà ni. Àìṣá yíjú sí mi, ó ní ṣé Bàbá Àgbà ní ìyá ni. Àbí ẹ rí i? Ó rò pé bí mo ṣe wà yìí náà ni wọ́n ṣe rí mi he.

Sàídá ti bá Kísítì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo dé kíláàsì, ọmọdébìnrin náà pè mí láàárín gbogbo wọn, gbàgà: Lásísì! Mo wẹ̀yìn. Mo fẹ́ wò ó bóyá ẹ̀yin lẹ wọlé. Ó ní kí n wí i, kí n ní Lásísì ni mí. Mo ní ikọ́ ń ṣe mí.

Àwọn nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti gbọ́ ọ lórí fóònù. Sàídá ti sọ fún yín pé mo padà lọ sí géètì náà, mo sọ orúkọ mi, wọ́n sì fa Àìṣá lé mi lọ́wọ́. Ó ti gba iṣẹ́ ọ̀sán, ó ń sùn lóru bí èèyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀. Ẹ ti ṣàdúrà fún mi. Sùlè ti kì mí títí ó fi dé orí bàbá ńlá wa. Mo gba gbogbo rẹ̀, n kò dá ìkankan padà.

Ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyí. Obìnrin náà béèrè orúkọ mi. Mo la ẹnu, Bàbá ló tún jáde, èyí tó kù kò tẹ̀ lé e. Àwọn òbí mìíràn wà lẹ́yìn mi. Àìṣá rí i pé n kò ní lè sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní Bàbá Àgbà, ẹ má bínú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí obìnrin náà, ó ní Lásísì ni wọ́n ń jẹ́. Obìnrin náà bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ ojú mi, wọn kì í béèrè mọ́. N kò tíì sọ ọ́ ní géètì yẹn rí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lókè àti nísàlẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn yín pẹ́ lórí wa, kó má jẹ́ kí n pẹ́ jù kí n tó tún gbọ́ ọ.

Ọmọ yín,
Lásísì.