Omi Tí Mi Ò Mu Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Lọ́jọ́ Ẹtì

Títírù, Parakú,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1964.

Ọmọ́ládé, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú ooru Kútọnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí yín lọ́hùn-ún. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí o ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì kì í dun ìka rẹ? Ọlọ́run tó mú ọ la ọyẹ́ já yóò mú ọ la ooru já, oúnjẹ tí o bá jẹ yóò dúró sí ọ lára, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní fi ojú àlejò wò ọ́, àmín. Ní tiwa níbí, ilé dùn díẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń lọ, òrùlé tó ń jò nígbà tí o wà nílé ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ nítorí náà kò tíì di ọ̀rọ̀. Mo gé koríko orí sàréè ìyá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì bá ọ kí i.

Kí o má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo fẹ́ sọ fún ọ pé mo ṣubú. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí, mo dúró sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ojú mi ṣú, mo sì rí i pé ilẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi. Súbérù ọ̀rẹ́ mi tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ló gbé mi, òun àti àwọn aláàárù, wọ́n tẹ́ mi sórí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó àpò obì, wọ́n sì tì mí dé ilé ìwòsàn, gbogbo ayé ń wò wá. Ohun tí mo ń ṣe ní ibùdó, mà á sọ ọ́ nísàlẹ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti omi.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ń jẹ́ Kúlúsúmù, ọmọ àdúgbò Ladjifarani níhìn-ín ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju tìrẹ lọ, ó sì gbójú bí ìwọ náà. Ó fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi sókè, awọ náà sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ etí aṣọ po. Ó ní òùngbẹ ló gbé mi ṣubú, pé omi ti tán lára mi. Mo ní Súbérù gba ààwẹ̀ oṣù kan gbáko, kò ṣubú. Ó ní Súbérù ń mu omi ní ìrọ̀lẹ́ àti ní sàárì, ó wá bi mí léèrè pé ìgbà wo ni èmi ń mu tèmi. Ó ní kí n máa mu lítà méjì lójúmọ́, pé ó jẹ́ ife mẹ́jọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé mítà ni èmi mọ̀, mi ò mọ lítà. Láti ogójì ọdún tí mo ti ń ránṣọ, kò sí ohun tí mi ò lè wọ̀n, mo sì gbà pé bí omi bá wọ inú èèyàn, ó yẹ kí ó hàn ní ìbàdí. Nígbà tí mo délé, mo fi okùn ìwọ̀n mi wọn inú mi, ó jẹ́ santimítà mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo mu ife mẹ́ta léraléra, mo tún un wọ̀n, ó ti di méjìlélọ́gọ́rin. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníbàárà mi, lábẹ́ orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti padà sí mọ́kànlélọ́gọ́rin, gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láti àárọ̀ ti bàjẹ́. Mo lọ fi ẹjọ́ sun Kúlúsúmù ní ọjọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó ní òun kò wọn omi báyìí rí.

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe omi àmù nìkan ni wọ́n ń kà. Ó ní ẹ̀kọ mímu wà níbẹ̀, tíì tí Súbérù máa ń fún mi wà níbẹ̀, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá wà níbẹ̀, kafé náà wà níbẹ̀ bí kò bá ti pọ̀ jù. Ó ní ọsàn tí mo bá mu náà, omi ni, àti pé ọbẹ̀ pàápàá ń mú díẹ̀ wá. Ẹnu yà mí. Mo ti ń jẹ ọbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé omi ni mò ń mu. Mo bi í nípa ṣukutú tí àwọn obìnrin ń pọn ní Banikanni, ó ní ọtí kì í ṣe ara rẹ̀, pé ọtí ń lé omi jáde lára ni. A jiyàn lórí èyí. Mo ní ojú mi ló ṣe, mo rí wọn tí wọ́n da ìkòkò omi mẹ́ta sí ọkà bàbà tí wọ́n fi ń pọn ọ́n, níbo ni omi ọ̀hún wá gbà lọ? Ó ní kí n má mu ún, ó parí.

Ó fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ya ife mẹ́jọ mẹ́jọ sí fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pé bí mo bá ti mu ọ̀kan kí n fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Mo wo ìwé náà dáadáa, mo rí òǹtẹ̀ ìjọba nísàlẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti gba òmìnira, ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀, owó orí ló máa ń tẹ̀lé e. Mo rò ó pé bí mo bá sàmì sí gbogbo ife mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n á sọ pé olówó ni bàbá yìí, ẹ wo bí omi ṣe pọ̀ nílé rẹ̀. Mo mu mẹ́jọ, mo kọ mẹ́ta. Ní ọjọ́ tí ikùn mi kún jù, mo pe Súbérù kí ó bá mi mu méjì, bí a ṣe ń ran ara wa lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ gbogbo, ó mu ún, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kúlúsúmù gbọ́ èyí. Ó ní àwọn méjì yẹn, ara Súbérù ni wọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wò jù nínú ìwé náà ni pé kò sí àmì kankan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ọjọ́ Ẹtì. Ó bi mí léèrè, mo ní pẹ́ńsù mi sọnù. Irọ́ ni mo pa fún un. Ìwọ ni mà á sọ òtítọ́ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ojú irin ń gòkè wá láti Kútọnu. Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn, ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ẹ máa retí mi, Bàbá, mi ò ní pẹ́ dé. O ní kí n máa retí, mo sì ń retí. Mi ò tíì pa ọjọ́ ọkọ̀ kan jẹ. Bí ó bá ti di aago méjì, mà á bo ẹ̀rọ mi, mà á wọ aṣọ tó mọ́, mà á lọ dúró níbi tí ìwọ yóò ti rí mi kí o tó rí ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn ọkọ̀ á dé ní aago mẹ́rin, nígbà mìíràn ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú.

Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó kọjá, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ti mu ẹ̀kọ mímu abọ́ méjì kí n tó kúrò nílé. Bí mo ṣe dúró ni ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Wọ́n ti kọ ọ́ sí ara ògiri ibùdó pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀, ọlọ́pàá sì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń kó ẹ̀pà sí ni èèyàn gbọ́dọ̀ lọ. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ lókèèrè, mo ní ó ṣì jìnnà, mo sáré lọ. Okùn ṣòkòtò mi ta kókó. Èmi tí mo rán ṣòkòtò náà fún ara mi, mi ò lè tú u. Nígbà tí mo fi padà dé, èrò ti ń lọ. Súbérù ló sọ fún mi pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó ga, ó gbé àpótí kan lọ́wọ́, ó wé gèlè aró, ó dúró lábẹ́ igi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí ẹni tí kò rí ẹni rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Jugú. Ó ní ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn ìyá rẹ.

Ọmọ́ládé, ṣé ìwọ ni? Mo sáré dé ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gbéra, wọ́n ti lọ. Mo mọ̀ pé o mọ ọ̀nà ilé, Súbérù náà sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ọmọ kì í gbàgbé ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó lọ mo rò ó bọ̀ pé bí ọmọ bá ti ọ̀nà jíjìn dé tí kò rí ojú bàbá rẹ̀, ó lè sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọn ò retí òun mọ́. Ojú tì mí, mi ò lè kọ̀wé sí ọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi omi kan ètè mọ́ lọ́jọ́ ọkọ̀, láti ìdájí títí ọkọ̀ yóò fi dé, kí ohunkóhun má bàa gbé mi kúrò níbi tí mo dúró sí. Bí ọkọ̀ bá dé tí o kò sí nínú rẹ̀, mo kàn máa ń lọ sùn ni.

Ohun tí Kúlúsúmù kọ́ mi ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń mu ọsàn kan lójú ọ̀nà, mo sì máa ń jẹun pẹ̀lú ọbẹ̀, nítorí mi ò mọ̀ pé omi ni wọ́n. Nígbà tó kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọkàn mi mo ní, áà, ìdí nìyí tí ìtọ̀ ṣì ń gbọ̀n mí díẹ̀. Ni mo bá pa gbogbo wọn tì. Iṣu sísun gbígbẹ ni mò ń jẹ lọ́jọ́ ọkọ̀. Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, mo tún ṣubú, ọmọlanke kan náà ni wọ́n tún fi gbé mi.

Kúlúsúmù kò rẹ́rìn-ín lánàá. Súbérù ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní kíndìnrín ni ó ń sẹ́ omi nínú èèyàn bí a ṣe ń sẹ́ ògì, pé tèmi ti ń gbẹ, pé bí mo bá ń ṣe báyìí títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀, òun kò ní lè ṣe ohunkóhun sí i mọ́. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní bàbá tòun wà ní Ladjifarani, òun sì lè lo oṣù kan láì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n má lọ sí ibùdó mọ́. Mo sọ fún un pé èyí ni mi ò lè ṣe.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Mi ò fẹ́ kán ọ lójú, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọba kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti rán aṣọ Kérésìmesì fún ọ pẹ̀lú ìwọ̀n ọdún tí o lọ, wọ́n wà nínú àpótí, o lè ti ga jù wọ́n lọ, mi ò mọ̀. Ilé ti dákẹ́ jù. Mo máa ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tí mi ò ní iṣẹ́, kí ohun kan ṣáà máa dún.

Owó tí mo máa ń bèèrè ní ìparí lẹ́tà, mi ò bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí, fi í wọ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni ọmọ tó wé gèlè aró, dárí jì mí, ẹ̀yìn ilé ẹ̀pà ni mo wà, mi ò jìnnà. Bí kì í bá ṣe ìwọ, kò burú.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọ́ ní ìlú onílùú, kí ilẹ̀kùn tí o bá kàn ṣí fún ọ, kí o sì rí ẹni tí yóò retí rẹ bí mo ṣe ń retí rẹ. Kọ ọjọ́ tí o máa wá ránṣẹ́ sí mi. Ì báà jẹ́ ọdún tó ń bọ̀, kọ ọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè máa mu omi ní àwọn ọjọ́ yòókù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fádípẹ̀ aránṣọ.