Pátákó Ìkéde Inú Pẹpẹ

Ọlọ́runyọmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà l'Ékòó níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lọ? A ò ní gbọ́ ohun tí a ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ o. Àwa náà wà, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, àfi ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò tí kò jẹ́ ká sinmi.

Pátákó ìkéde tí o ṣe fún ìjọ aláṣọ funfun wa nígbà Kérésì, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Akínyẹlé. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní ìkéde á sọ ọ́ sí Bàbá Lazarus alágogo wa létí, wọ́n á lu agogo, wọ́n á pariwo ẹ̀, ó parí. O ní ìwà ará oko nìyẹn, pé nínú kọ̀ǹpútà yín, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. Ìkéde ọmọ tuntun ń lọ sínú àpótí pupa lára pátákó, òkú sínú dúdú, ìgbéyàwó sínú funfun. Akọ̀wé á wò ó, èmi alága á fọwọ́ sí i, ìyá ìjọ á tún un wò, kí wòlíì tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó.

O tún sọ pé ẹ kì í wọ bàtà wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Àwa tí a kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún wa? Ilẹ̀ mímọ́ ni. Wòlíì ní a ò lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí adìẹ máa yàgbẹ́ sí i, la bá gbé e wọnú pẹpẹ, lẹ́yìn aṣọ títa, níbi tí wòlíì nìkan ń wọ̀. Torí o ní kọ̀ǹpútà ò fẹ́ ooru, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ó wá kan ìkéde ìgbéyàwó Morónikẹ́ àbúrò rẹ àti Múyì ará Ẹgbẹ́dá, tí ìjọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ní Sọ́ńdè mẹ́ta. Wòlíì lẹ̀ ẹ́ gbọn-in. Bàbá Lazarus fẹ́ lanu, mo ní kí wọ́n dákẹ́, ọmọ mi ti ní ìkéde ẹnu ò sí mọ́. Sọ́ńdè méjì ni Ìyá Múyì ti Ẹgbẹ́dá wá, kò gbọ́ orúkọ ọmọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó bi wá bóyá a ti rí ọkọ olówó fún Morónikẹ́ ni, ó ní tí Sọ́ńdè mìíràn bá tún lọ bẹ́ẹ̀, ká kó ẹrù ìdána àwọn jáde. Morónikẹ́ sunkún títí ojú ẹ̀ wú. Mo ṣàlàyé fún obìnrin náà pé ìkéde ti jáde, inú pẹpẹ ló wà. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀.

Háà, ìyá rẹ! Bí Sọ́ńdè kẹta ti pé, ó dìde láàárín ìsìn, ó gba agogo lọ́wọ́ Bàbá Lazarus, ó ní Morónikẹ́ àti Múyì fẹ́ fẹ́ra, ẹni tó bá ní ẹjọ́ kó rò ó báyìí tàbí kó panu mọ́. Ìjọ pariwo Halelúyà, Ìyá Múyì bẹ́ sójú agbo, ó ń jó. Wòlíì ní àwọn ka Sọ́ńdè méjì ti inú pẹpẹ kún un, ó pé mẹ́ta. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní kí ìyá rẹ má kọrin, kó sì kúrò ní ìjókòó iwájú títí yóò fi wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Wòlíì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó bó ṣe yẹ. Títí di òní, ìyá rẹ tí kò tíì rí i kà ló ń dá orin níwájú, ó sì ń gbé oúnjẹ gbígbóná fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Wọ́n ní o fẹ́ wá gbé pátákó náà síta kí gbogbo ayé lè máa kà á. Yọmí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ìgbéyàwó ni kí o wá jẹ, má dé ìdí pátákó yẹn. Owó tí o fẹ́ ná lé e, fi rán awakọ̀ Moniya sí mi, ká fi ra ìrẹsì àti òróró.

Ọwọ́ rẹ yóò máa ròkè. Olúwa ò ní jẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ tú àṣírí bàbá rẹ. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Àkànbí Fádèyí